Ìdójútòfò fún Ilé, Ọjà àti Ọkọ̀: Bí A Ṣe Ń Rà Á àti Bí A Ṣe Ń Gba Owó Rẹ̀ ní Nàìjíríà

Ohun tí wọ́n ń pè ní ìnṣọ́ránsì lẹ́nu ọjà ni àwọn oníròyìn ń pè ní ìdójútòfò, orúkọ kejì yìí ló sì bá iṣẹ́ rẹ̀ mu jù lọ, nítorí pé òfò ló ń dójú tì. Kì í dènà òfò. Iná tó máa jó yóò jó, ọkọ̀ tó máa forí sọ òpó yóò forí sọ ọ́. Iṣẹ́ ìdójútòfò ni pé, nígbà tí òfò bá dé, kò ní í sọ ẹni tó ń ta ọjà lánàá di ẹni tó ń wá ẹ̀yáwó lónìí. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń rà á fún ilé, fún ọjà àti fún ọkọ̀ ní Nàìjíríà, àti bí a ṣe ń gba owó gbà-má-bínú rẹ̀, nítorí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tí kò rí owó gbà kò pàdánù rẹ̀ ní ọjọ́ tí iná jó. Ọjọ́ tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù ni wọ́n ti pàdánù rẹ̀.

Kí a tó dé orí fọ́ọ̀mù rárá, ohun kan wà tó máa ń da àwọn ènìyàn wa láàmú: wọ́n ń fi ojú àjọ wo ìdójútòfò. Nínú àjọ tàbí èésú, owó tí a dá ni a ó kó, alájọ tí kò bá sì san án, olè ni. Owó ìdójútòfò kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọdún bá yípo tí nǹkankan kò ṣe ilé tàbí ọkọ̀ yín, owó tí ẹ san ti lọ, kò sì sí ẹni tó rẹ́ yín jẹ, nítorí pé ìlérí ọdún kan ni ẹ rà, ẹ sì ti lò ó ní gbogbo òru tí ẹ fi ọkàn balẹ̀ sùn.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe àlàyé rẹ̀. Bí ọlọ́jà 1,000 bá wà, tí ọjà mílíọ̀nù 10 náírà wà nínú ṣọ́ọ̀bù oníkálukú, tí ìrírí ọdún púpọ̀ sì ti fi hàn pé ṣọ́ọ̀bù méjì nínú wọn ló máa ń jóná ráúráú lọ́dún, òfò ọdún náà jẹ́ mílíọ̀nù 20. Bí gbogbo wọn bá pín in gbé, ₦20,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Iléeṣẹ́ adójútòfò yóò fi owó iṣẹ́ kún un, yóò fi èrè kún un, yóò sì fi ohun tí yóò tọ́jú de ọdún tí ṣọ́ọ̀bù márùn-ún bá jóná kún un. Iye tó bá jáde ni wọn yóò pè fún yín. Ibi tí iná ti máa ń jó jù, bí àgbájọ ṣọ́ọ̀bù tí wáyà iná rẹ̀ lọ́ mọ́ra bí ìtàkùn, iye tirẹ̀ yóò ga ju ti ilé tó dá dúró lọ. Iléeṣẹ́ náà pàápàá kì í dá òfò ńlá gbé. Òun náà ń ra ìdójútòfò lọ́wọ́ àwọn tó tóbi jù ú lọ. Ọ̀kan nínú irú wọn ni Africa Re, tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Èkó.

Ohun tí òfin mú ní dandan

Bí ẹ bá ní ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì, ìdójútòfò ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní third-party kì í ṣe ọ̀rọ̀ bí ó bá wù yín. Láti ọdún 1945 ni òfin ti wà lórí rẹ̀, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025 sì ni àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú un káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹ̀yin ni ẹnìkíní, iléeṣẹ́ adójútòfò ni ẹnìkejì, ẹni tí ẹ fi ọkọ̀ kọlù ni ẹnìkẹta tí orúkọ rẹ̀ ń sọ. Bí ẹ bá ṣe ẹlẹ́sẹ̀ léṣe tàbí tí ẹ ba ọkọ̀ ẹlòmíràn jẹ́, iléeṣẹ́ ni yóò dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n iwájú ọkọ̀ tiyín tó rún, ẹ̀yin ni ẹ máa gbé e lọ bá mẹkáníìkì pẹ̀lú owó àpò yín. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023, ₦15,000 lọ́dún ni owó rẹ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a fi ń ṣe ẹsẹ̀ rìn, ìbàjẹ́ dúkìá ẹlòmíràn tó sì lè san kò ju mílíọ̀nù 3 náírà lọ. Ti kẹ̀kẹ́ Márúwá jẹ́ ₦5,000, títí dé mílíọ̀nù 2; ti ọ̀kadà jẹ́ ₦3,000, títí dé mílíọ̀nù 1. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ta third-party ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fún yín ní ₦5,000 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń gba ìwé ọkọ̀, bébà lásán ló ń tà. Ẹ sì rántí pé bí ẹ bá lọ kọlu jíìpù olówó ńlá, tí àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 5, mílíọ̀nù 2 tó kù di ti ẹ̀yin àti onítọ̀hún.

Comprehensive ló ń dá ọkọ̀ tiyín fúnra rẹ̀ lóhùn, yálà ó forí gbá ni, tàbí olè gbé e, tàbí ó jóná. Òfin àjọ NAICOM, tó ń bójú tó gbogbo iléeṣẹ́ adójútòfò, ni pé owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 5 nínú 100 iye ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ mílíọ̀nù 6 náírà, ₦300,000 ló kéré jù. Owó náà tóbi, n kò sì ní í bá ẹnikẹ́ni tó ní ọkọ̀ tó ti gbó jà bí ó bá dúró sórí third-party. Ṣùgbọ́n ẹni tó yá owó ra ọkọ̀, tàbí tó ń fi ọkọ̀ jẹun, kò yẹ kó gbé e jáde láìní comprehensive.

Ti ilé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Òfin ìdójútòfò ti ọdún 2003 sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tó ń kọ́ ilé tó ju àjà méjì lọ ní ìdójútòfò nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ, nítorí òṣìṣẹ́ àti ẹni tó ń kọjá lọ. Ilé alájà 21 tó wó ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ni. Òfin kan náà tún mú gbogbo ilé tí ará ìlú ń wọ̀, bí ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, òtẹ́ẹ̀lì àti ibi ìtajà, títí kan ilé tí ayálégbé ń gbé. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin onílé, ilé yàrá mẹ́wàá tí ẹ fi ń gba owó ilé wà nínú rẹ̀. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọdún 2025 ló ti rọ́pò ti 2003, àwọn ìdójútòfò dandan sì ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ ka ohun tí ìwé àdéhùn kò kó mọ́ra

Ìwé àdéhùn iná, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń tà á fún ilé àti ṣọ́ọ̀bù, kò kó ju iná, àrá àti ìbúgbàmù gáàsì ìdáná ilé mọ́ra. Gbogbo ohun yòókù ni ẹ ní láti béèrè fún, kí ẹ san díẹ̀ lé owó rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: omíyalé, ìjì, ìrúkèrúdò, ọkọ̀ tó ya wọlé, páìpù omi tó bẹ́. Ará Ìbàdàn kò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ìdí rẹ̀. Omi Ògùnpa ya wọ ilé àti ọjà ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, àgbàrá tún gbé ilé àti afárá lọ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Ẹni tó bá ní ìwé iná nìkan lọ́wọ́ nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò ní ohun tó lè fi béèrè owó. Ìbúgbàmù tó ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024 kọ́ wa ní èyí tó kù. Ohun abúgbàmù tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé kan ló bú, ó sì wó ilé àwọn aládùúgbò tí wọn kò mọ nǹkankan nípa rẹ̀. Irú ìbúgbàmù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti gáàsì ìdáná, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìbúgbàmù sínú ìwé yín láìfi ààlà sí i.

Olè náà ní ìwé tirẹ̀. Ìwé olè fífọ́ ń béèrè pé kí ojú ibi tí olè fipá gbà wọlé tàbí tó fipá gbà jáde hàn: àgádágodo tó gé, òrùlé tó ya, ilẹ̀kùn tó fọ́. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ń jí ọjà lọ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kì í ṣe olè fífọ́. Irú ìwé mìíràn ni wọ́n ń rà fún ìwà àìṣòótọ́ òṣìṣẹ́. Bákan náà, ìwé iná yóò san owó ọjà tó jóná, ṣùgbọ́n kò ní í san èrè tí ẹ kò rí jẹ nínú oṣù mẹ́ta tí ṣọ́ọ̀bù fi wà ní títì, àfi tí ẹ bá ra èyí náà kún un.

Iye tí ẹ máa kọ sínú fọ́ọ̀mù

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági tuntun. Ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó mílíọ̀nù 20 náírà. Nígbà tí aṣojú iléeṣẹ́ bi í ní iye ọjà, ó ní mílíọ̀nù 10, kí owó tí yóò san lè dín kù sí ìdajì. Iná jó, àwọn panápaná tètè dé, ọjà mílíọ̀nù 8 ló bàjẹ́. Lójú ìyá yìí, 8 kò tó 10, nítorí náà gbogbo 8 ló yẹ kó dé ọwọ́ òun. Mílíọ̀nù 4 ni wọ́n san fún un.

Wọn kò rẹ́ ẹ jẹ. Àwọn oníṣẹ́ náà ń pe òfin yìí ní average, inú ìwé àdéhùn ló sì wà. Ìdajì ọjà rẹ̀ ló san owó lé lórí, a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni adójútòfò ìdajì yòókù, ì báà jẹ́ iná kékeré tàbí ńlá. Ìdajì 8 sì ni 4. Bí ó bá ti kọ 15 dípò 10, mílíọ̀nù 6 ni ì bá gbà. Ní ilẹ̀ tí owó ọjà ń gòkè bí tiwa, ènìyàn lè bọ́ sínú àwọ̀n yìí láìpa irọ́ kankan: iye tó pé pérépéré ní oṣù Kìíní lè má tó rárá ní oṣù Kẹwàá. Ẹ má dúró de ìgbà tí ọdún yóò yípo. Bí ẹ bá kó ọjà Iléyá tàbí ti Kérésìmesì wọlé, ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ pé iye ọjà ti pọ̀ sí i, kí ẹ san ìyàtọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé àfikún.

Ní ti ilé, owó tí a ó fi tún un kọ́ ni a ń kọ, kì í ṣe owó tí a lè tà á. Ilẹ̀ kì í jóná, nítorí náà ẹ yọ owó ilẹ̀ kúrò. Àṣejù náà kò sì lérè: bí ẹ bá kọ 40 sórí ohun tó jẹ́ 20, iye tí ẹ pàdánù gan-an ni wọn yóò san, nítorí pé ìdójútòfò ń dá ènìyàn padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kì í sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Ẹni tó ra ìwé méjì lọ́wọ́ iléeṣẹ́ méjì lórí ilé kan kò ní í gba owó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn méjèèjì ni yóò pín òfò ẹyọ kan náà san.

Fọ́ọ̀mù náà yóò tún bi yín ní àwọn ìbéèrè tó dà bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan. Kí ni ẹ ń fi ilé ṣe? Ṣé epo bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì wà níbẹ̀? Ṣé iná ti jó níbẹ̀ rí? Ṣé iléeṣẹ́ mìíràn ti kọ̀ yín rí? Ìdáhùn tí kì í ṣe òótọ́ lè ba gbogbo àdéhùn jẹ́, kódà bí kì í bá ṣe ohun tí ẹ fi pamọ́ ló fa iná. Èmi náà ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí aṣojú kan bá mi kọ kíákíá lórí itan rẹ̀. Nígbà tí mo jókòó ka ẹ̀dà rẹ̀ lálẹ́, mo rí i pé ó ti kọ “rárá” síwájú ìbéèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ wà nínú ọgbà, bẹ́ẹ̀ sì ni jẹnẹrétọ̀ wa ń hó lẹ́yìn fèrèsé nígbà tí ó ń kọ ọ́. Lẹ́tà kan ni mo fi tún un ṣe, owó tí wọ́n fi kún un kò sì tó nǹkan. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín, tàbí kí ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Rírà á

Ẹ lè lọ sí iléeṣẹ́ adójútòfò tààrà, ẹ lè gba ọwọ́ aṣojú rẹ̀, ẹ sì lè gba ọwọ́ alágbàtà tí wọ́n ń pè ní broker. Ẹ mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ìkẹyìn yìí: iléeṣẹ́ ni aṣojú ń ṣiṣẹ́ fún, ẹ̀yin ni broker ń ṣiṣẹ́ fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú owó tí ẹ san ni wọ́n ti ń yọ èrè tirẹ̀. Fún ṣọ́ọ̀bù kékeré, aṣojú tó. Fún iléeṣẹ́ tàbí ilé ìtajà ńlá, ẹ wá broker. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá bá lọ, ẹ rí i pé NAICOM fún iléeṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ.

Àkáǹtì iléeṣẹ́ ni kí ẹ san owó sí, kì í ṣe ti ẹni tó wá bá yín, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Nígbà kan rí, àwọn iléeṣẹ́ máa ń ta ìdójútòfò láwìn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2013 ni NAICOM ti fi ẹsẹ̀ òfin náà múlẹ̀ pé ẹni tí kò bá tíì sanwó kò tíì ní ìdójútòfò. Ti ọkọ̀ rọrùn láti yẹ̀ wò: ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sórí askniid.org, tàbí kí ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù. Bí ìwé náà kò bá jáde níbẹ̀, ẹ padà lọ bá ẹni tó tà á kí ọlọ́pàá tó bi yín.

Nínú ìwé àdéhùn, ẹ wá ohun méjì. Èkíní ni excess, ìyẹn apá àkọ́kọ́ nínú òfò kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀yin fúnra yín yóò gbé. Bí ó bá jẹ́ ₦100,000, tí òfò sì jẹ́ ₦450,000, ₦350,000 ni owó tó ń bọ̀. Èkejì ni àwọn ìlérí tí ẹ̀yin ṣe: pé ẹ̀rọ ìpaná yóò wà níbẹ̀ ní ipò tó ń ṣiṣẹ́, pé ọdẹ yóò máa ṣọ́ ọjà lóru, pé a ó máa pa iná mànàmáná ní mítà kí a tó ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ìpaná tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá láti ọdún tó kọjá, ẹ̀rí lòdì sí yín ni.

Nígbà tí òfò bá dé

Ẹ pe iléeṣẹ́ ní ọjọ́ kan náà, kí ẹ sì fi lẹ́tà tàbí ímeèlì tẹ̀lé e, kí ọjọ́ àti àkókò wà lákọsílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìjàm̀bá ọkọ̀, ẹ ya fọ́tò kí wọ́n tó wọ́ ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà ẹni kejì, ẹ bẹ̀ ẹ́ tọwọ́tẹsẹ̀ bí ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, ẹ má sì dá iye owó kankan fún un, nítorí ìwé àdéhùn máa ń fi àṣẹ ìdúnàádúrà sí ọwọ́ iléeṣẹ́. Ẹ gba ìwé ìjábọ̀ ọlọ́pàá. Bí ó bá jẹ́ iná, ẹ gba ti àwọn panápaná.

Ẹ má kó ẹrù jíjóná dànù. Ohun tí àánú àti ìtìjú máa ń sún ènìyàn ṣe ni kó gbá gbogbo rẹ̀ kúrò kí àwọn aládùúgbò tó jí, ṣùgbọ́n eérú tí ẹ gbá lọ ni ẹ̀rí yín. Ẹni tí iléeṣẹ́ yóò rán wá, loss adjuster, mọ bí a ti ń ka eérú. Àdìpọ̀ ańkárá tí a tò mọ́ra dáadáa kì í jó tán. Etí rẹ̀ ló máa ń dúdú, àárín rẹ̀ á ṣì ní àwọ̀, ó sì lè fi ìka ka ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan, kó kọ iye àdìpọ̀ tó wà lórí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan. Ó tún fẹ́ rí ìwé: rìsíìtì ọjà tí ẹ rà, ìwé tí ẹ fi ń kọ títà, àkọsílẹ̀ báǹkì. Nítorí èyí, ìwé ọjà kì í gbé inú ọjà. Ẹ máa ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín lópin ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù ya fídíò pẹpẹ yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Bí wọ́n bá ti fẹnu kò lórí iye owó, wọn yóò fún yín ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní discharge voucher, pé ẹ gba iye yìí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ẹ má fọwọ́ sí i bí iye náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ béèrè àlàyé ìṣirò rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀ ná. Bí wọ́n bá kọ̀, tàbí tí wọ́n ń fi òní dónìí fọ̀la dọ́la, NAICOM ní ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn, láì gba owó, ẹ sì lè fi ìwé àdéhùn, rìsíìtì àti gbogbo lẹ́tà yín ránṣẹ́ síbẹ̀ kí ẹ tó ronú kan agbẹjọ́rò. Lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó fún yín, ẹ̀tọ́ láti bá ẹni tó fa òfò náà ṣẹjọ́ di tiwọn, dé ìwọ̀n ohun tí wọ́n san.

Ẹ tún wo ojú ìwé àdéhùn yín lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọ̀sẹ̀ tí owó bá wọlé, nítorí pé iye tí wọ́n san ti yọ kúrò nínú rẹ̀: ìwé mílíọ̀nù 20 tí ẹ gba 8 lórí rẹ̀ ti di ìwé mílíọ̀nù 12 títí ọdún yóò fi parí, àfi tí ẹ bá san owó láti dá a padà. Bí ẹ bá fi mílíọ̀nù 8 yẹn ra ọjà tuntun kún ṣọ́ọ̀bù láìṣe èyí, ọjà mílíọ̀nù 20 tún ti wà lórí ìwé mílíọ̀nù 12.